Mo mọ ère obìnrin kan, mi ò fi orí sí i: ṣé mo ṣẹ̀ ni?

Alámọ̀Kubwa, Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọjú wo ọ̀rọ̀ níbí, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí màá dá tèmi sílẹ̀. Amọ̀ ni mo fi ń mọ ère. Kubwa ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n apá Kwali lọ́hùn-ún ni mo ti ń sun iṣẹ́ mi, lọ́dọ̀ àwọn ìyá Gwari tó ń mọ ìkòkò, torí onílé mi kò lè gbà kí n dá irú iná bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta kó iṣẹ́ wa jọ sínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Wuse kí àwọn èèyàn lè wá wò ó. Èyí tí mo fọkàn sí jù nínú tèmi ni ère obìnrin kan. Ó ga dé àyà mi. Ó dúró, ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí, ó jẹ́ kí ìkejì so rọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí nìkan ló wà lára rẹ̀. Ọrùn ni mo mọ ọ́n dé, kò sí orí. Mo wá kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ara ni pátákó tí àwùjọ ń kọ̀wé sí. Mo yọ orí kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Lágbájá ni, kí ara lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi nígbà tí mo kọ ọ́.

Ìyá àgbà kan bá ọmọ rẹ̀ wá. Ó yí ère náà po lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ta lo bẹ́ lórí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni oorun mi ò ti dán mọ́rán mọ́. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé èèyàn lè mọ ara kó má mọ orí, kí ohun tó mọ sì jẹ́ èèyàn síbẹ̀?

ỌmọGarki, Ọjọ́ Ẹtì, 9:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́. Ṣé orí náà kò kúkú fọ́ nínú iná ni?

Alámọ̀Kubwa, Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́

Háà! Kò fọ́ o. Mi ò mọ orí kankan rárá. Òótọ́ ni pé orí máa ń bú nínú iná bí amọ̀ rẹ̀ bá ki jù tí omi sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, àmọ́ tèyí kọ́.

Télọ̀SabonGari, Ọjọ́ Ẹtì, 10:22 alẹ́

Bọ̀dá Alámọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Kano ni mo wà, Sabon Gari, ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín pa mí lẹ́rìn-ín torí àwọn tí kò lórí ló kún iwájú ṣọ́ọ̀bù tèmi.

Ní 2021 ni Hisbah, àwọn ọlọ́pàá Sharia ní Kano níbí, kéde pé àwa télọ̀ àti àwọn tó ń ta aṣọ kò gbọdọ̀ fi ọmọláńgidi tó lórí pàtẹ aṣọ mọ́. Wọ́n ní bó bá ti lórí, ó ti dà bí èèyàn nìyẹn, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ò sì fẹ́ ère. Wọ́n ní èyí tí kò lórí pàápàá, ká bò ó lára, kí ìrísí ọmú àti ìdí má baà hàn síta. Márùn-ún ni mo ní. Méjì, orí wọn ṣe é tú bí ìdérí ìgò. Mẹ́ta tó kù, ayùn ni mo fi gé e. Mo kó orí márààrún sínú àpò ìrẹsì, mo tì í sábẹ́ máṣíìnì. Mi ò rántí sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ọmọ yẹn tú àpò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sá dé títì.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé ọjà mi ò dín. Tẹ́lẹ̀, ojú òyìnbó tí wọ́n kùn lẹ́tè yẹn làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Nígbà tí orí lọ, aṣọ ni wọ́n ń wò. Obìnrin á dúró níwájú rẹ̀, á sì máa rí ara tirẹ̀ nínú aṣọ náà. Nítorí náà, lójú tèmi, ohun tí ẹ kọ sógiri yẹn bọ́ sí i.

ÌyáÌbejìGwarinpa, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Télọ̀, aṣọ lò ń tà, kò burú. Alámọ̀ ní èèyàn lòun mọ.

Ọmọ mi, ìyá àgbà yẹn ò ṣàwàdà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò lórí kì í ṣe ẹni tí a ò dá mọ̀. Ẹni tí wọ́n pa ni. Ta ní í gé orí? Ogun ni, àti àwọn tí à ń gbọ́ ìròyìn wọn lórí rédíò láàárọ̀. O gbé obìnrin aláìlórí síwájú àgbàlagbà, o wá ń retí kó ronú nípa àwùjọ? "Orí là bá bọ, à bá f'òrìṣà sílẹ̀," ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ìyá tó bí ìyá mi bí ìbejì, ọ̀kan lọ, wọ́n sì gbẹ́ ère fún un. Mo gbé ère náà lọ́wọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọmọ oṣù mẹ́ta ló kú, àmọ́ ère yẹn ní ọmú, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ó kọ ilà. Géńdé obìnrin ni agbẹ́gilére gbẹ́. Orí rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta gbogbo ara. Màmá máa ń wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á, á fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu. Nígbà tí yóò fi kàn mí láti gbé e, imú ti jẹ, ojú ti di bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ẹnu ti parẹ́. Ìfẹ́ ló pa á rẹ́ o, kì í ṣe ikán. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi Màmá pé ta nìyí.

Ibi tí o ti ṣìṣe nìyẹn. O ka ojú àti orí sí ọ̀kan náà. Bí o kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, o lè fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ, kí o sì fún un ní orí rẹ̀.

ỌmọỌ̀wọ̀níJos, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí àkó ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n: ní Ọ̀wọ̀, bí ẹni ńlá bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì lágbára, wọ́n lè ṣe ìsìnkú kejì fún un. Wọ́n á gbẹ́ igi kó ga bí èèyàn, kó jọ olóògbé débi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi ta gìrì. Wọ́n á wọ aṣọ rẹ̀ fún un, aṣọ rẹ̀ gan-an, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká. Ẹ rí i pé Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ojú kó jọ ojú. Tí ère ìbejì ò bá jọ ọmọ, àìmọ̀ kọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ère náà ṣe ló pinnu bí yóò ṣe jọ tó.

Jos tí mo wà yìí, mo máa ń mú ọmọ mi lọ sí mùsíọ́mù, èyí tí wọ́n ṣí ní 1952. Amọ̀ Nok ni mo máa ń dúró tì. Nínú ìpínlẹ̀ Kaduna ni abúlé Nok wà. Àwọn tó ń wa tin ló kọ́kọ́ hú àwọn ère náà jáde níbẹ̀ ní 1928. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti mọ wọ́n. Ojú onígun mẹ́ta, wọ́n dá ẹyinjú lu, ihò náà sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn jáde nígbà tí iná bá ń jó o. Nítòsí Jema'a, ní àwọn ọdún 1940, wọ́n rí ọ̀kan tí ẹnì kan ti gbé sórí igi nínú oko iṣu, ó ń ṣe aṣọ́komásùn!

Ibi tí mò ń lọ ni pé orí ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí. Ara ti fọ́, ó ti bá odò lọ. Àwa jogún orí tí kò lára, Alámọ̀ wá ń fi ara tí kò lórí san án padà. Bóyá bí ẹ bá gbé e wá sí Jos, a ó bá a wá orí kan níbí.

Akẹ́kọ̀ọ́Nyanya, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:47 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n Alámọ̀ díẹ̀ kí n tó bá wọn jà.

Àwọn ère tí Yinka Shonibare fi gbajúmọ̀, wọn ò lórí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1962, Èkó ló dàgbà sí. Ní 2003 ó to ọkùnrin mẹ́rìnlá yí tábìlì kan ká, wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sójú tábìlì náà, wọ́n ń pín in bí àwọn òyìnbó ṣe pín in ní Berlin ní 1884 sí 1885. Kóòtù ayé ìgbà yẹn ni gbogbo wọn wọ̀, àmọ́ ankárá ni wọ́n fi rán an, aṣọ tí a pè ní tiwa, tó jẹ́ pé àwọn ará Holland ló wo bátíkì Indonesia kọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó lórí nínú wọn. Ó ti ṣàlàyé pé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bẹ́ lórí nígbà ìdìtẹ̀ ló wà lọ́kàn òun, àti pé bí kò bá sí orí, ẹ ò ní lè pín wọn sí òyìnbó àti adúláwọ̀. Orí tí kò sí yẹn ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà rèé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ọ́ ní 1997 pé ohun tí ojú bá rí lára èèyàn làwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn fi ń to èèyàn: akọ tàbí abo, dúdú tàbí funfun. Ó ní ní ilẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé, ta ló ṣáájú ta ni ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń wá. Ẹ wo èdè wa. "Ó" kan náà là ń pe ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ èyíkéyìí. Ìyàwó ilé ń pe ọmọdébìnrin tó bá nílé ní ọkọ.

Ẹ wá wo ère yín, sà. Ẹ yọ orí. Kí ló kù tí a fi lè mọ ẹni yìí? Ọmú àti ìdí. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ara sọ̀rọ̀, ẹ wá jẹ́ kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Abo ni mí." A ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n wa ni tàbí àbúrò wa. Báwo la ṣe máa kí i?

Télọ̀SabonGari, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:10 ọ̀sán

Akẹ́kọ̀ọ́, ère wo lò ń kí? 😂 Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára díẹ̀.

AlájìÌlọrinKaduna, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:33 ọ̀sán

As-salamu alaykum gbogbo ilé. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Kaduna ni mo ti ń jẹun. Mo rí i pé ẹ ti dárúkọ ẹ̀sìn, mo wá ní kí n fi tèmi kún un ní pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àáfà máa ń gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì: orí ni àwòrán, bí wọ́n bá ti gé orí kúrò, kò sí àwòrán mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ayùn Télọ̀ ti wá. Èrò àwọn àáfà fúnra wọn kò ṣọ̀kan lórí fọ́tò, lórí ọmọláńgidi tí ọmọdé fi ń ṣeré, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní tú ìyẹn síbí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìjíròrò yìí ni pé Hisbah ní Kano àti Ìyá Ìbejì ní Gwarinpa ń sọ ohun kan náà! Àwọn ní ká gé orí kó má baà di èèyàn. Ìyá ní bẹ́ ẹ bá gé orí kì í ṣe èèyàn mọ́. Alámọ̀ nìkan ló ní òun gé orí, kó sì jẹ́ èèyàn síbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ère rẹ bá dé Kano, ọmọ mi, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ wò, wọ́n á kàn ní kí o da aṣọ bò ó. Ṣé ohun tí o fẹ́ gan-an nìyẹn?

DókítàMinna, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:18 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ṣe ráúráú.

Ara àgbàlagbà, ẹ bá fi orí rẹ̀ wọn gbogbo gíga rẹ̀, ìlọ́po méje àti díẹ̀ ló máa jẹ́. Nínú ère Ifẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ère Yorùbá, bíi mẹ́rin ni. Ìṣirò kọ́ ni wọn ò mọ̀. Ojú inú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, ní ọdún kejì, wọ́n kó wa wọ yàrá tí a ti ń la òkú kẹ́kọ̀ọ́. Apá àti àyà la kọ́kọ́ ṣe. Orí wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n fi aṣọ wé e. Fún oṣù mélòó kan la fi ń gé ọkùnrin yẹn tí à ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn kíláàsì. Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ lójú rẹ̀, tí a rí i pé ó ní irùngbọ̀n tí ẹnì kan ti gé dáadáa kó tó kú, ọ̀rẹ́ mi jáde, kò wọlé mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin kan náà ni o. Láti oṣù yẹn wá ló ti wà níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo ka páálí yín, mo ní: èmi mọ ìdí tí èèyàn fi ń bo ojú ẹlòmíràn. Kí ọwọ́ má baà gbọ̀n ni.

Ọlọ́dàKaru, Ọjọ́ Àìkú, 3:02 ọ̀sán

Ọ̀dà ni mò ń lò, mi ò kì í fọwọ́ kan amọ̀. Gbogbo yín sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí àwa ayàwòrán máa ń kọ́kọ́ béèrè: ta ló jókòó fún ọ?

Ara tí o sọ bó ṣe dúró yẹn, ọwọ́ ní ìbàdí, èèyàn kan ló dúró bẹ́ẹ̀. Ben Enwonwu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ya ọmọ ọba Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní 1973 sí 1974. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018, ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Gbogbo ayé mọ orúkọ ẹni tó jókòó.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ojú ni gbogbo nǹkan. Láti 1968 ni J.D. 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun dídì kiri Nàìjíríà, ó yà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ni púpọ̀ nínú wọn, ojú ò hàn. Síbẹ̀ ẹni tó bá wo ọrùn yẹn, tó wo bí irun ṣe dúró gogoro, mọ̀ pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà. Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀.

Ẹ tún wo Jelili Atiku. Zaria ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ọnà. Ara tirẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́: ó ń kun ara, ó ń wé aṣọ mọ́ ọn, ó ń rìn láàárín ọjà. Ní January 2016 wọ́n tì í mọ́lé lẹ́yìn ìṣeré kan tó ṣe ní Ejigbo ní Èkó. Bí ìyà bá wà nínú ẹ̀, òun ló jẹ ẹ́. Nítorí náà, Alámọ̀: bí ara bá wù ọ́ láti fi sọ̀rọ̀ nípa àwùjọ, kí ló dé tí o kò fi tìẹ ṣe? Tí kì í bá ṣe tìẹ, ti ta ni? Ọ̀rọ̀ tí o lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ti dán jù. Ó ń rùn bí ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi bo ara ògiri tó ti sán.

Alámọ̀Kubwa, Ọjọ́ Àìkú, 10:56 alẹ́

Mo ti kọ èsì yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń pa á rẹ́.

Ó dáa. Obìnrin kan ló jókòó fún mi. Yorùbá ni, ó ń ta nǹkan jíjẹ lẹ́bàá títì, mi ò ní sọ ibẹ̀. Mo ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ó ti lé ní ọdún kan. Bó ṣe máa ń dúró nígbà tí ọjà bá dá, ọwọ́ ní ìbàdí, tó ń wo ọ̀nà, ló wọ̀ mí lójú. Mo bá a sọ ọ́. Kò bínú, ó béèrè iye tí màá san. A fẹnu kò sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì wá ní Àìkú mẹ́fà, lẹ́yìn tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bá a wá, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa tẹ fóònù.

Ọjọ́ kìíní ló ti sọ pé, "Má ya ojú mi síbẹ̀ o. Mo lọ́mọ nílé-ìwé." Mo ní kò sí wàhálà.

Mi ò ronú nípa àwùjọ rárá nígbà tí mò ń mọ ọ́n. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún tó wálẹ̀ ju tòsì lọ nítorí ẹrù ni mò ń rò. Ìgbà tó ku ọjọ́ méjì ká ṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí oníkálukú kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ti pátákó àti àwùjọ. Kí ni mo fẹ́ kọ? Pé oníbàárà mi ní kí n má ya ojú òun?

Dókítà, ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́Nyanya, Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, sà. Mi ò fẹ́ fi kún ẹrù yín, àmọ́ mi ò lè ṣàì dárúkọ Sarah Baartman. Ọmọ ẹ̀yà Khoikhoi ni, láti Gúúsù Áfíríkà. Ní 1810 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í han èrò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wo ìdí rẹ̀. Ó kú ní Paris ní 1815. Ikú kò gbà á lọ́wọ́ wọn: wọ́n fi pilásítà mú àwòrán ara rẹ̀, wọ́n tọ́jú egungun rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ wọn nínú mùsíọ́mù títí wọ àwọn ọdún 1970. 2002 ni wọ́n tó gbé e padà sílé, tí wọ́n sin ín.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ sanwó, ó fẹnu ara rẹ̀ gbà, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kàn ń sọ pé ara obìnrin dúdú tó dúró nínú gbọ̀ngàn, tí àwọn èèyàn ń yí i po, kò dá wá. Ìtàn yẹn bá a wọlé, bí a dárúkọ rẹ̀, bí a ò dárúkọ rẹ̀.

Télọ̀SabonGari, Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká rọra. Obìnrin dúnàádúrà, ó gbowó, ó sọ ohun tí kò fẹ́, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mi náà máa ń sọ pé kí n má gé ọrùn aṣọ sílẹ̀ jù. Mo gé e bó ṣe wí. Ta ni mo rẹ́ jẹ?

ÌyáÌbejìGwarinpa, Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Télọ̀, bí o bá gbé aṣọ náà kọ́, tí o wá kọ sára rẹ̀ pé ìwọ lo ní èrò pé ọrùn aṣọ kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀, pé ọgbọ́n inú rẹ ni, kí la ó pè é?

Alámọ̀, gbọ́. Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ yẹn, ohun tí gbogbo wa ti ń fà láti ọjọ́ Ẹtì, obìnrin yẹn ló sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Òun ló pinnu ibi tí ojú èrò yóò dé lára òun. O gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, o dà á sí gírámà, o sì fọwọ́ ara rẹ sí i.

Ó sì tún ku ẹyọ kan. Ojú ló ní kí o má yà. Ta ló ní kí o gé orí?

ỌmọGarki, Ọjọ́ Ajé, 1:44 ọ̀sán

Yéè.

AlábòójútóOjúÒpó, Ọjọ́ Ajé, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dákun, ẹni méjì ti ń bi Alámọ̀ léèrè ibi tí obìnrin náà ti ń tajà. Mo ti pa ìbéèrè yẹn rẹ́. Ẹ má tún béèrè. Ẹ má sì gbé fọ́tò ère náà síbí kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ gbà.

Alámọ̀Kubwa, Ọjọ́bọ̀, 8:37 alẹ́

Ẹ káalẹ́. Mo lọ bá a ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ka páálí yẹn fún un, mo sì sọ ohun tí ẹ sọ. Ó ní ṣé ère náà ṣì wà níbẹ̀, pé òun ò tíì rí i láti ìgbà tí mo ti sun ún. Àná la lọ, òun, àbúrò rẹ̀ àti èmi.

Kò wo iwájú rárá. Ó lọ sẹ́yìn tààrà, ó wo èjìká, ó ní, "Òótọ́ ni, ó wálẹ̀." Ó fọwọ́ kan orúnkún ọ̀tún, ó ní tòun kò rí bẹ́ẹ̀, pé àpá kan wà níbẹ̀. Àpá náà wà lóòótọ́, mo rí i nígbà tí mò ń mọ ọ́n, mo fò ó. Àbúrò rẹ̀ ní òun dá a mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, torí ìdúró rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi pa á mọ́!

Ó wá dúró síwájú ọrùn yẹn, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Irun mi dà?"

Mi ò mọ ohun tí ó ń sọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti dirun nítorí ìjókòó yìí, ṣùkú, pẹ̀lú owó ara òun, kí òun lè jọ èèyàn nínú iṣẹ́ náà. Ojú lòun ní kí n má yà. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín gan-an ló tẹnu rẹ̀ jáde, kò sì mọ̀ yín. Àìkú mẹ́fà ni mo fi wo obìnrin yìí, mi ò rí i pé ó dirun.

Amọ̀ tó ti jóná kò ṣe é so mọ́ tútù, kò sí bí mo ṣe lè fi orí kún un. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn láàárọ̀ yìí. Mò ń fi eyín ìlarun fa ipa ṣùkú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó le ju bí mo ṣe rò lọ, amọ̀ ń gbẹ kí n tó dé ìpàkọ́. Iwájú rẹ̀ á wà ní dídán, láìsí imú, láìsí ẹnu. Mo ti ya páálí yẹn dànù. Mo bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí n kọ, ó ní kí n kọ ọ́ pé: "Obìnrin yìí ní kí wọ́n má ya ojú òun." Ìyẹn nìkan. Ó sì ní bí mo bá tà á, a ó tún ọ̀rọ̀ owó sọ.

Télọ̀SabonGari, Ọjọ́bọ̀, 8:51 alẹ́

Ó yẹ kó wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tajà.

ÌyáÌbejìGwarinpa, Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Owó irun ẹ̀ẹ̀mejì náà ńkọ́?

Alámọ̀Kubwa, Ọjọ́bọ̀, 9:13 alẹ́

Mo ti fi ránṣẹ́ lórí fóònù láàárọ̀ yìí, mà.